George W. Bush: Gómìnà Texas tí ó di Ayàwòrán

Nígbà tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ tòsí, kì í sí ògiri tí ó ń sinmi ní Ìkirè àti Àpòmù. Láti ẹ̀bá títì márosẹ̀ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta dòdò Ìkirè fún àwọn èrò ọkọ̀, títí dé inú ọjà Àpòmù, ojú àwọn olóṣèlú ni ènìyàn yóò máa bá pàdé: lára ògiri, lára òpó iná, lára ẹnu ọ̀nà ilé tí onílé kò yọ̀ǹda. Wọn a dé fìlà, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ wọn a sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ṣe àwòrán náà, ẹlòmíràn ni ó tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ni ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ti olóṣèlú nínú gbogbo rẹ̀ kò ju pé kí a máa wo òun lọ.

Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó kọjá sí òdì-kejì, kí ó mú bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ti ojú ẹlòmíràn títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Nínú àpilẹ̀kọ yìí a fẹ́ sọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni ó ti ṣẹlẹ̀. Òun ni George W. Bush, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Texas, tí ó di ààrẹ kẹtàlélógójì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwòrán yíyà ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kì í bọ́ sí etí gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn kan yóò rántí oògùn àrùn éèdì, àwọn mìíràn yóò rántí ogun Ìráàkì. Àwọn méjèèjì ni ó jàre, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ìtàn náà yẹ ní kíkọ.

Ibi tí ó ti wá

A bí George Walker Bush ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1946, ní ìlú New Haven ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ṣùgbọ́n Midland, ìlú epo rọ̀bì kan ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ni ó dàgbà sí. Ìdílé olóṣèlú ni ìdílé wọn. Bàbá rẹ̀ àgbà, Prescott Bush, ṣe sẹ́nétọ̀. Bàbá rẹ̀, George H. W. Bush, ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1989 sí 1993. Ní ọdún 1953, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, Robin, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Ó jáde ní Yunifásítì Yale ní ọdún 1968, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òwò ní Harvard ní ọdún 1975, kí ó tó padà sí Midland láti bá wọn wá epo. Ní ọdún 1977 ó gbé Laura Welch níyàwó nínú ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì ní ìlú náà. Olùkọ́ ni obìnrin yìí, ó sì jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ní ọdún 1978 ọkọ rẹ̀ du ipò aṣòfin, ó sì fìdí rẹmi. Ní ọdún 1981 Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin ni àwọn méjèèjì: Barbara àti Jenna.

Bush kò fi pamọ́ nínú àwọn ìwé tí ó kọ pé ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀gá fún òun ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ tí òun àti ajíhìnrere Billy Graham jọ sọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1985, ní ilé àwọn òbí òun ní etí òkun ìpínlẹ̀ Maine, ni ó gbin irúgbìn sí òun lọ́kàn. Ní ọdún 1986, lẹ́yìn tí ó pé ogójì ọdún, ó jáwọ́ nínú ọtí pátápátá. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ ni òun náà sì fi ṣe ìjọ tirẹ̀.

Gómìnà, àti àwòrán tí ó wà lára ògiri rẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994 ó borí Ann Richards tí ó wà lórí àga gómìnà Texas nígbà náà, ó sì gba ọ̀pá àṣẹ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1995. Wọ́n tún yàn án ní ọdún 1998. Kò kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2000, nígbà tí ó ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ.

Àwòrán ti wà nínú ìtàn rẹ̀ kí òun tó mọ bí a ti ń yà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá a ní àwòrán kan láti gbé kọ́ sí ọ́fíìsì gómìnà, iṣẹ́ ọwọ́ W. H. D. Koerner, ọmọ Jámánì tí ó di ará Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí ó gun ẹṣin, tí ń gun òkè lọ pẹ̀lú eré ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán náà ni A Charge to Keep, orúkọ orin Charles Wesley tí àwọn ìjọ wa mọ̀ dáadáa. Gómìnà fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò ó, ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1999, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ààrẹ ní Washington nígbà tí ó débẹ̀. Àwọn olùwádìí wá ṣàwárí lẹ́yìn náà pé ìwé ìròyìn kan ni Koerner ya àwòrán yìí fún ní ọdún 1916, fún ìtàn olè ẹṣin kan tí àwọn ènìyàn ń lé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó tún un lò fún ìtàn tí ó ń jẹ́ orúkọ orin náà. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀. Àwòrán a máa gba ohun tí ẹni tí ń wò ó bá gbé wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní àsìkò gómìnà rẹ̀ tí a kò lè fò dá, nítorí pé ó kan ojú ènìyàn, ojú ènìyàn ni ìtàn yìí yóò sì padà dá lé lórí. Texas ni ìpínlẹ̀ tí ó mú ìdájọ́ ikú ṣẹ jù lọ ní Amẹ́ríkà ní àsìkò náà. Ní ọdún mẹ́fà tí Bush fi ṣe gómìnà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n pa lé ní 150. Ọ̀kan nínú wọn ni Karla Faye Tucker, obìnrin tí ó jẹ̀bi ìpànìyàn tí ó burú jáì, tí ó sì ti di onígbàgbọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Póòpù John Paul Kejì bẹ̀bẹ̀ fún un. Oníwàásù Pat Robertson tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìdájọ́ ikú tọ́ náà bẹ̀bẹ̀. Òfin Texas kò fún gómìnà ní agbára láti dá ẹ̀mí sí bí ìgbìmọ̀ ìdáríjì kò bá dá a lábàá. Ohun tí ó lè dá ṣe kò ju kí ó sún ikú náà síwájú fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bush kò sún un. Wọ́n pa obìnrin náà ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1998. Bí iṣẹ́ ìjọba ti rí nìyẹn: fáìlì a wá sórí tábìlì, olórí a kà á, a ṣe ìpinnu, fáìlì mìíràn a tún dé.

Ààrẹ

A kò ní pẹ́ lórí àsìkò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gogoro méjì ní New York, wọ́n sì kọlu ilé iṣẹ́ ológun ní ìtòsí Washington. Ní oṣù Kẹwàá ogun bẹ̀rẹ̀ ní Afghanistan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2003 Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì, lórí ọ̀rọ̀ ohun ìjà olóró tí a kò rí lẹ́yìn tí a wá a títí. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ju 4,000 lọ ni ó kú ní Ìráàkì. Ti àwọn ará Ìráàkì fúnra wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Ọdún 2003 yìí kan náà ni ó gbé ètò ìrànwọ́ fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV kalẹ̀, bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là fún ọdún márùn-ún. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ètò náà kọ́kọ́ dojú kọ. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó rìn káàkiri ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ó dé erékùṣù Gorée ní Senegal, níbi tí a ti ń kó àwọn baba wa lọ sí oko ẹrú, ó sì parí ìrìn àjò rẹ̀ ní Àbújá lọ́dọ̀ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Àwọn ènìyàn wà láàyè lónìí nínú àwọn ìjọ wa nítorí oògùn tí ó dé nípasẹ̀ ètò yẹn. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó fọwọ́ sí ìwé méjèèjì.

Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2009. Àwọn tí ó ń yìn ín ní ilé kò pọ̀ mọ́. Ó padà sí Dallas, ó kọ ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó ń wá nǹkan.

Ìwé kékeré tí Churchill kọ

Onímọ̀ ìtàn kan láti Yale, John Lewis Gaddis, ni ó dá a lábàá pé kí ó lọ ka ìwé kékeré tí Winston Churchill kọ lórí àwòrán yíyà. Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtàn ìwé yìí, nítorí pé láìsí Churchill, bóyá ni Bush ì bá fọwọ́ kan ọ̀dà.

Ní ọdún 1915 Churchill ni mínísítà tí ó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó tì í lẹ́yìn jù lọ pé kí a gba ọ̀nà omi Dardanelles kọlu àwọn ará Tọ́kì. Ogun náà yíwọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ṣègbé. Ní oṣù Karùn-ún wọ́n yọ ọ́ nípò. Ẹni ogójì ọdún ni, ó sì rò pé òun ti tán nínú òṣèlú. Òun àti ìdílé rẹ̀ lọ ń gbé ní oko kan ní agbègbè Surrey ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí ń ya àwòrán nínú ọgbà. Obìnrin náà fún un ní bùrọ́ọ̀ṣì kí ó dán an wò. Nígbà tí Churchill ra ọ̀dà olóròóró tirẹ̀, ó dúró níwájú aṣọ funfun tí a nà, ẹ̀rù ń bà á, ó fi ọ̀dà kín-ín-kín-ín kan kàn án bí ẹni tí ń tọ́ iná wò. Bẹ́ẹ̀ ni Hazel Lavery, ìyàwó ayàwòrán Sir John Lavery, dé. Ó gba bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì í sínú ọ̀dà, ó sì fà á yàà kọjá lórí aṣọ náà ní ìgbà mélòó kan. Aṣọ náà kò lè gbẹ̀san. Láti ọjọ́ yẹn ẹ̀rù kò ba Churchill mọ́.

Ó kọ ìrírí yìí sínú ìwé ìròyìn ní 1921 sí 1922. Ó di ìwé odindi ní 1948, Painting as a Pastime. Àwòrán tí ó yà kí ó tó kú ní ọdún 1965 lé ní 500. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ọpọlọ tí òṣèlú ti lò ju agbára rẹ̀ lọ kò lè sinmi nípa jíjókòó lásán. Iṣẹ́ mìíràn tí ó gba ojú àti ọwọ́ ni yóò fún un ní ìsinmi.

Ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀

Bush ka ìwé náà, ó sì rò pé bí Churchill bá lè ṣe é, òun náà yóò gbìyànjú. Ó kọ́kọ́ ń ya àwọn àwòrán ṣákálá lórí ẹ̀rọ iPad ránṣẹ́ sí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Gail Norfleet, ayàwòrán kan ní Dallas, láti máa kọ́ òun nílé. Ó fi àwàdà sọ fún un pé Rembrandt kan wà nínú òun tí wọ́n há mọ́lé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tú u sílẹ̀. Norfleet kò ya Rembrandt sí i. Àpótí onígun ni ó ní kí ó kọ́kọ́ yà, kí ó lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ àti ibi tí òjìji ń bọ́ sí. Lẹ́yìn àpótí, ó kan bàrà olómi. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ẹni tí ó ti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ ogun tí ó lágbára jù lọ láyé, ó jókòó, ó ń wá bí èèpo bàrà yóò ṣe dọ́gba.

Ó kọ́ pé àwọ̀ tí ojú ń pè ní dúdú tàbí funfun kì í ṣe ọ̀kan. Nínú òjìji tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n ènìyàn, ewé, pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run lè wà pọ̀. Ó sọ ní gbangba pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí rí ojú ọ̀run àti igi bí òun kò ti rí i rí. Ó ya àwọn ajá, títí kan Barney tirẹ̀. Ó ń fi nọ́ńbà 43 sí ìsàlẹ̀ àwọn àwòrán náà ní ipò orúkọ rẹ̀.

Gbogbo èyí wà ní ìkọ̀kọ̀ títí di oṣù Kejì ọdún 2013, nígbà tí ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan já wọ inú lẹ́tà àwọn ẹbí rẹ̀, tí ó sì tú wọn síta. Lára ohun tí ó tú ni àwòrán méjì tí Bush ya ara rẹ̀: ọ̀kan nínú balùwẹ̀, tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa tí ojú rẹ̀ sì hàn nínú dígí kékeré, èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi ìwẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé. Síbẹ̀ àwọn kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé nǹkan kan wà nínú wọn, ọkùnrin tí ó dá wà, tí ń wo ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 ó ṣe ìpàtẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìrántí rẹ̀ ní Dallas. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó bá ṣiṣẹ́ ni ó yà: Tony Blair, Angela Merkel, Vladimir Putin, àti àwọn mìíràn. Ní tiwa, ìpàtẹ yìí ni ó rẹlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn tètè rí i pé fọ́tò tí ó kọ́kọ́ ń yọ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wò ya púpọ̀ nínú wọn. Ojú tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni, ojú ara ògiri bí tiwa ní Ìkirè.

Àwọn tí ó rán lọ sójú ogun

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni Sedrick Huckaby, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú kan láti Fort Worth ní Texas, onígbàgbọ́, tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa yíya àwọn aṣọ alábùlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà rán jọ. Òun náà di olùkọ́ Bush. Ó dá a lábàá pé kí ó fi àwọn olókìkí sílẹ̀, kí ó ya àwọn ènìyàn tí òun mọ̀ tí ayé kò mọ̀.

Bush mọ irú wọn. Láti ìgbà tí ó ti kúrò nípò ni ó ti ń pe àwọn ọmọ ogun tí ó farapa ní Ìráàkì àti Afghanistan jọ lọ́dọọdún, láti bá a gun kẹ̀kẹ́ fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tàbí láti gbá gọ́ọ̀fù. Ẹlòmíràn nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gun kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn kò ní àpá kankan lára, ṣùgbọ́n kò lè sùn lóru. Àwọn wọ̀nyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yà. Ìwé náà, Portraits of Courage, jáde ní òpin oṣù Kejì ọdún 2017: àwòrán 66, àti àwòrán ńlá kan tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn ọmọ ogun 98 lọ́kùnrin lóbìnrin ni ó wà nínú rẹ̀. Ó kọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀. Owó tí ó yẹ kí ó wá sápò òǹkọ̀wé ni ó yọ̀ǹda fún ètò ìrànwọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ọ̀dà inú àwọn àwòrán wọ̀nyí nípọn. A rí ibi tí bùrọ́ọ̀ṣì gbà. Àwọn ojú náà tóbi, wọ́n súnmọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ariwo. Bush sọ pé bí òun ti ń yà wọ́n, òun ń ronú lórí ìtàn wọn, lórí ohun tí ojú wọn ti rí. Lára àwọn alárìíwísí tí ó ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kan gbà pé iṣẹ́ náà dára ju bí àwọn ti rò lọ. Peter Schjeldahl ti ìwé ìròyìn New Yorker wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ìṣèjọba rẹ̀.

Ṣé ìrònúpìwàdà ni?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ béèrè nígbà náà nìyí, àwa náà sì ti jiyàn lórí rẹ̀ láàrin ara wa. Bush kò pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí ó ti sọ pé kò yẹ kí òun lọ sí Ìráàkì. Ìmọrírì ni ó pè é, ọ̀nà láti bọlá fún àwọn tí ó jẹ́ ìpè rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìyẹn kò tó. Pé ẹni tí ó rán ọmọ ènìyàn lọ síbi tí ó ti sọ ẹsẹ̀ nù, kí ó má kàn wá ya ojú rẹ̀ kí ó sì gba oríyìn. Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo ju ìyẹn lọ, pé nínú ìwé ọdún 2017 yìí, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn: kò sí ará Ìráàkì kan níbẹ̀ tí ogun ká mọ́lé, kò sí ìyá kan ní Baghdad.

A kò rí èsì sí ìyẹn. Àìsí níbẹ̀ wọn hàn gbangba, bí àlàfo ara ògiri níbi tí a ti yọ fọ́tò kúrò.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fojú kéré ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Àpòmù kò ní ṣàìmọ ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, tí ó parí ní ọdún 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí Awólẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba tí ń ṣòwò, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú ní ọjà Àpòmù, Baálẹ̀ Àpòmù sì nà án gẹ́gẹ́ bí òfin Aláàfin Abíọ́dún ti wí. Ọdún gorí ọdún, Awólẹ̀ di Aláàfin. Kò gbàgbé ẹgba. Ó rán ogun sí Àpòmù, Baálẹ̀ sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kí wọ́n lè gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, kí ìlú má bàa run. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun tí Awólẹ̀ rí kò ju ẹgba tí wọ́n nà án lọ. Kò sí ibi tí Johnson ti sọ fún wa pé ó jókòó ro ti Baálẹ̀, tàbí ti ọ̀rẹ́ tí ó tà. Àwọn aláṣẹ tí kò padà wo ojú ẹnikẹ́ni pọ̀ nínú ìtàn tiwa àti ti ayé. Bush padà wo 98. A lè sọ pé iye náà kéré. A kò lè sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Láti wo ojú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í ṣe ohun tí iṣẹ́ ìjọba ń fàyè sílẹ̀ fún. Gómìnà tí ó ní fáìlì Karla Faye Tucker níwájú rẹ̀ kò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò mọ̀ bóyá ìpinnu rẹ̀ ì bá yàtọ̀ bí ó bá ti jẹ́ ayàwòrán nígbà náà, a kò sì ní ṣe bí ẹni tí ó mọ̀.

Àwọn àlejò, àti àwọn mìíràn tí ó gba ọ̀nà yìí

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 ó tún gbé ìwé mìíràn jáde, Out of Many, One, àwòrán àwọn àjèjì 43 tí wọ́n wá gbé ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà náà kì í ṣe èèṣì. Òun ni ààrẹ kẹtàlélógójì. Madeleine Albright tí ó sá wá láti Czechoslovakia wà níbẹ̀, àti Arnold Schwarzenegger, ọmọ Austria tí òun náà ṣe gómìnà, ní California. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 2007 Bush gbìyànjú láti tún òfin àwọn àjèjì ṣe, ilé aṣòfin àgbà kò gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa, nítorí pé bóyá ni a óò rí ìjọ kan ní agbègbè wa tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston tàbí Dallas.

Bush nìkan kọ́ ni gómìnà tí ó di ayàwòrán. Jimmy Carter, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia láti ọdún 1971 sí 1975 àti ààrẹ láti 1977 sí 1981, náà ya àwòrán olóròóró lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì. Òun ni ó ya èyí tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Hornet's Nest, tí ó jáde ní ọdún 2003. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́kọ́ jáfáfá nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi Maranatha ní Plains, ìlú kékeré rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àgbélébùú tí ó wà nínú ìjọ náà. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n nítorí sòbìà, àrùn tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa di arọ nígbà kan rí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ìjà náà títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Carter kú ní ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé àgbàlagbà kò lè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ó wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí Ìkirè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní àyíká Mbárí Mbáyọ̀ tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí púpọ̀ nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ni wọ́n gba bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Georgina Beier àti àwọn olùkọ́ mìíràn, tí wọ́n sì di ẹni tí ayé mọ̀: Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Buraimoh, Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé. Kò sí gómìnà kankan nínú wọn.

Ilé ìrántí George W. Bush wà nínú ọgbà Southern Methodist University ní Dallas, yunifásítì tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní ọdún 1911. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ohun tí wọ́n ń pàtẹ níbẹ̀ a máa yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń mú yín lọ wò ó, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ bá yín béèrè bóyá àwòrán àwọn ọmọ ogun náà wà lára ògiri ní àkókò tí ẹ ń lọ. Àwòrán ńlá onípele mẹ́rin náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì dúró jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó súnmọ́ ọn.